ILÉ OLÓDI WINDSOR ÀTI ÌJỌ INÚ RẸ̀: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀDÚRÀ NÍ ÈDÈ TÍ Ó YÉ NI

Fún kíkà: Nehemáyà 8:1–8, 1 Kọ́ríńtì 14:6–19.



Àwọn àgbà a máa wí pé, ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní ọjọ́ ìsinmi gbogbo ni a ń ṣí Ìwé Àdúrà wa. A ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì, a sì ń dáhùn pé Àmín, ní èdè tí àwọn ìyá wa fi rẹ̀ wá nígbà tí a wà ní ọmọ ọwọ́. Nítorí pé a bá a nílẹ̀, ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí a dáná sun ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kà nínú Bíbélì tí a túmọ̀ sí èdè wọn. Ìgbà mìíràn sì wà tí a kò jẹ́ kí a ka Ìwé Àdúrà náà lórí òkú ọba pàápàá.

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ mú àwọn ònkàwé wa lọ sí ibì kan ṣoṣo tí a ti lè rí gbogbo ìtàn yìí, láti ìgbà èdè Látìnì títí dé ọjọ́ tí a gbọ́ Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ilé Olódi Windsor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìjọ St. George tí ó wà nínú odi rẹ̀.

I. BÍ A TI TẸ ILÉ NÁÀ DÓ

Windsor wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lórí òkè kan tí ó dojú kọ odò Thames. Ọba William Aṣẹ́gun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1070, kí ó lè máa fi ṣọ́ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Odi ogun ni ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di ààfin, àwọn ọba sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní.

Ọba Edward Kẹta, ẹni tí a bí sínú ilé olódi náà ní ọdún 1312, ni ó dá àwùjọ àwọn àlùfáà St. George sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1348. Ní àkókò náà gan-an ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn akọni rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní ẹgbẹ́ Garter. Iṣẹ́ tí a yàn fún àwọn àlùfáà náà ni láti máa gbàdúrà lójoojúmọ́ fún ọba àti àwọn akọni rẹ̀, àwọn tí ó wà láàyè àti àwọn tí ó ti sùn. Ilé ìsìn tí a ń rí níbẹ̀ lónìí, Ọba Edward Kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1475. A kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1528, nígbà Ọba Henry Kẹjọ. Òkúta ni a fi ṣe àjà rẹ̀, tí a gbẹ́ ẹ bí ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àsíá àwọn akọni Garter sì wà lókè ìjókòó wọn. Ìjọ yìí kò sí lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù kankan: ọba fúnra rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Ọba púpọ̀ ni a sin síbẹ̀, tí ó fi dé orí Ọba-obìnrin Elizabeth Kejì, ẹni tí a tẹ́ sí ibojì ní oṣù September ọdún 2022.

Ní àwọn ọjọ́ ìṣáájú wọ̀nyí, èdè Látìnì ni a fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá, kì í ṣe láti gbọ́ ọ̀rọ̀, bí kò ṣe láti fojú rí àwọn ohun tí a kà sí mímọ́. Ẹ̀rún igi kan wà níbẹ̀ tí a gbà pé ara àgbélébùú Olúwa wa ni; Ọba Edward Kìíní ni ó gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Wales ní ọdún 1283. Òkú Ọba Henry Kẹfà náà wà níbẹ̀, èyí tí a gbé wá ní ọdún 1484, àwọn ènìyàn sì gbàgbọ́ pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu. A kò gbọdọ̀ fi àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni ó gbé wọn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé iwájú pẹpẹ, ọ̀rọ̀ tí àlùfáà ń sọ lórúkọ wọn kò yé wọn. Ojú nìkan ni ó jẹun, etí wà ní ebi.

II. INÁ TÍ Ó JÓ NÍ WINDSOR NÍ ỌDÚN 1543

Ọba Henry Kẹjọ ya ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù ní ọdún 1534, ní ọdún 1538 a sì pàṣẹ pé kí a fi Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn ọba kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1539 òfin tuntun jáde, tí a ń pè ní Òfin Abala Mẹ́fà, pé ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀kọ́ àtijọ́ nípa búrẹ́dì àti wáìnì ti Máàsì, iná ni a ó fi sun ún. Ní ọdún 1543 a tún ṣe òfin mìíràn tí ó gba Bíbélì lọ́wọ́ àwọn tálákà: àwọn alágbàṣe, àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn ìránṣẹ́, àwọn àgbẹ̀, àti àwọn obìnrin tí kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, kò gbọdọ̀ kà á. Ẹ kíyèsí i, ará: ìwé kan náà tí ọba fi sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun kan náà ni ó tún yọ ojú rẹ̀ kúrò níwájú àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ìjọ.

Ní ọdún yìí gan-an ni a mú ọkùnrin mẹ́rin lẹ́jọ́ ní Windsor. Èkínní ni Anthony Pearson, àlùfáà tí àwọn ènìyàn ń wọ́ tẹ̀lé láti gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Èkejì ni Robert Testwood, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ St. George. Ẹ̀kẹta ni Henry Filmer, alábòójútó ìjọ nínú ìlú Windsor. Ẹ̀kẹrin ni John Marbeck, ẹni tí ń tẹ dùùrù ní St. George.

John Foxe, tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú, sọ pé ní ọjọ́ kan Testwood rí ọ̀wọ́ àwọn arìnrìn-àjò láti Devon àti Cornwall, tí wọ́n mú àbẹ́là àti ère oyin lọ́wọ́ wá síbi ibojì Ọba Henry Kẹfà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn pé Ọlọ́run kò fẹ́ èyí; nígbà tí ó sì rí àwọn mìíràn tí ń fi ẹnu ko ère òkúta kan lẹ́nu, ó gbá imú ère náà kúrò. A kò yin ìwà fífọ́ ohun tí ẹlòmíràn kà sí mímọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí imú ère ni wọ́n fi dá a lẹ́bi ikú. Ọ̀rọ̀ Máàsì ni. Ní ti Filmer, Foxe kọ ọ́ pé arákùnrin rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n fi oúnjẹ àti ìlérí tàn, tí ó fi jẹ́rìí lòdì sí i.

Ọ̀ràn Marbeck yàtọ̀. Kò lówó tí ó lè fi ra Bíbélì, nítorí náà ó yá ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rí i, ó gbà á níyànjú pé kí ó kúkú ṣe atọ́ka ọ̀rọ̀, kí ènìyàn lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú Bíbélì. Ó ti ṣiṣẹ́ dé lẹ́tà L nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ dé, tí wọ́n kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ. Àwọn tí ń bi í léèrè kò gbàgbọ́ pé ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìkẹyìn wọ́n fún un ní àwọn ọ̀rọ̀ kan láti inú lẹ́tà M, wọ́n tì í mọ́lé pẹ̀lú Bíbélì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kún abala ìwé púpọ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí ìyàwó rẹ̀, tí ó ní ọmọ ọwọ́, kò yé lọ bẹ Bíṣọ́ọ̀bù Gardiner kí ó jẹ́ kí òun rí ọkọ òun.

A dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́bi ikú. Marbeck nìkan ni ọba dárí jì. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ni a so mọ́ òpó lábẹ́ odi Windsor, a sì dáná sun wọ́n. Foxe sọ pé wọ́n ṣe ara wọn gírí, wọ́n sì jùmọ̀ mu ọtí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn tí ń lọ síbi àsè. Pearson sì bu koríko tí a fẹ́ fi dáná, ó fi lé orí ara rẹ̀, ó ní fìlà Ọlọ́run nìyẹn, òun ti wọṣọ bí ọmọ-ogun Kristi. Ó yẹ kí a fi kún un pé nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ti ìwé náà ní ọdún 1563, Foxe ṣi Marbeck kà mọ́ àwọn tí ó jóná, nígbà tí Marbeck wà láàyè tí ń tẹ dùùrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún un ṣe.

III. OHÙN KAN FÚN SÍLÉBÙ KAN

Ọba Henry kú ní oṣù January ọdún 1547, a sì sin ín sí abẹ́ ilẹ̀ ibi ìjókòó àwọn akọrin ní St. George, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀, Jane Seymour. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ ó fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ kí a lè máa ka Máàsì fún ọkàn rẹ̀ níbẹ̀ títí láé. Kò pé ọdún mẹ́ta tí Máàsì ti èdè Látìnì fi parí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀, Edward Kẹfà, jọba ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní oṣù September ọdún 1548, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Cranmer àti àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé jọ ní Chertsey àti ní Windsor láti yẹ iṣẹ́ Ìwé Àdúrà èdè Gẹ̀ẹ́sì wò. Ní Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 9 oṣù June ọdún 1549, a sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọdún 1550 Marbeck tẹ ìwé méjì jáde. Èkínní ni atọ́ka Bíbélì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ó tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì tún gé kúrú nítorí pé owó títẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Òun ni atọ́ka àkọ́kọ́ fún odindi Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni orin fún Ìwé Àdúrà tuntun. Ọ̀nà tí ó gbà kọ orin náà ni pé ohùn kan ni ó fún sílébù kan, kí orin má baà gbé ọ̀rọ̀ mì, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run. Ìwé náà kò pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn nígbà náà, nítorí a tún Ìwé Àdúrà ṣe ní ọdún 1552. Ṣùgbọ́n a jí i dìde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ìjọ Anglican púpọ̀ sì ń kọ ọ́ títí di òní.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ìtàn yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọdún 1549 kan náà, àwọn ará Devon àti Cornwall, ilẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò Testwood ti wá, dìde ogun sí Ìwé Àdúrà náà. Àwọn ará Cornwall kọ̀wé pé àwọn kan nínú àwọn kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èdè ti ara wọn ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ó jẹ́ òmìnira fún ará Lọ́ńdọ̀nù di àjàgà fún ará Cornwall. A kò sì ṣe Ìwé Àdúrà kankan ní èdè wọn, ọmọ-ogun ni a rán sí wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì kú. Nítorí náà kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ́ ju Látìnì lọ. Èdè tí ó yé ènìyàn ni Àpọ́sítélì ń béèrè, nígbà tí ó wí pé ọ̀rọ̀ márùn-ún pẹ̀lú òye dára ju ẹgbàárùn-ún lọ ní èdè àjèjì.

IV. ÌSÌNKÚ LÁÌSÍ ÀDÚRÀ

Ẹni tí a nà lánàá a máa di ẹni tí ó mú pàṣán lónìí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ọba Charles Kìíní àti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn ọmọ-ogun Ìgbìmọ̀ gba Windsor ní ọdún 1642, wọ́n kó ohun èlò wúrà àti fàdákà ìjọ St. George lọ, wọ́n sì lé àwọn àlùfáà rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1645 a fi òfin de Ìwé Àdúrà pátápátá. Ẹni tí ó bá lò ó nínú ilé ara rẹ̀ pàápàá, owó ìtanràn ni yóò san, bí ó bá sì di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀wọ̀n ni.

Ní ọjọ́ 30 oṣù January ọdún 1649 a bẹ́ ọba lórí. Ní ọjọ́ 9 oṣù February a gbé òkú rẹ̀ wọ St. George, yìnyín funfun sì bọ́ sórí aṣọ dúdú tí a fi bo pósí rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Juxon, ẹni tí ó dúró ti ọba títí dé ibi ikú rẹ̀, mú Ìwé Àdúrà lọ́wọ́ láti ka ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ọ̀gágun tí ń ṣọ́ ilé olódi náà kọ̀. Ó ní a ti fi òfin de ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni a sọ òkú ọba kalẹ̀ sínú ibojì Henry Kẹjọ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, tí Bíṣọ́ọ̀bù dúró tòun ti ìwé tí a kò ṣí. Nígbà tí ó yá, kò sẹ́ni tí ó mọ ojú ibẹ̀ gan-an mọ́, títí a fi tún bá a pàdé ní ọdún 1813.

Nínú ibojì kan ṣoṣo ni ọba tí ó gba Bíbélì lọ́wọ́ tálákà wà, àti ọba tí a fi Ìwé Àdúrà dù. Lẹ́yìn tí ọba tún padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1660, a tún Ìwé Àdúrà náà ṣe, a sì gbé e jáde ní ọdún 1662. Láti inú ìwé yìí ni Ìwé Àdúrà Yorùbá wa ti wá.

V. ÈDÈ YORÙBÁ NÍ WINDSOR

Nísinsin yìí ni ìtàn náà dé ẹnu ọ̀nà wa. Ní oṣù November ọdún 1851, ọ̀kan nínú àwọn Kánọ̀n ìjọ St. George, Lord Wriothesley Russell, mú àlùfáà aláwọ̀ dúdú kan wọ inú ilé olódi náà. Samuel Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá nídè ní ọdún 1822, tí a sì fi jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1846, ìtumọ̀ rẹ̀ ti Ìwé Róòmù sì ti jáde ní ọdún 1850.

Ọmọ-aládé Albert, ọkọ Ọba-obìnrin Victoria, ni ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, Crowther sì ń fi ìlú hàn án ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ròyìn òwò ẹrú tí ń jẹ ilẹ̀ wa run àti bí ọ̀ràn Èkó ti rí. (Ní oṣù December tí ó tẹ̀lé e ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, èyí jẹ́ ọ̀ràn wíwúwo tí ó yẹ fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀.) Obìnrin kan wọlé, ó jókòó, ó ń fetí sílẹ̀, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀, ìgbà tí ó yá ni Crowther tó mọ̀ pé Ọba-obìnrin fúnra rẹ̀ ni. Ọba-obìnrin béèrè pé kí ó sọ Àdúrà Olúwa ní èdè rẹ̀. Crowther sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọba-obìnrin wí pé èdè náà rọ̀, ó sì dùn létí bí orin.

Ẹ jẹ́ kí a dúró wo èyí. Nínú odi tí a ti sun Pearson, Testwood àti Filmer lábẹ́ rẹ̀, tí a ti pa Juxon lẹ́nu mọ́, ọmọ tí a ti so okùn mọ́ lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ẹrú dúró, ó pe Ọlọ́run ní Baba ní èdè ìyá rẹ̀, ọba sì dákẹ́ láti gbọ́. Ní ọdún 1864 ni a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, nínú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ jọjọ.

VI. OHUN TÍ ẸKỌ́ YÌÍ Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WA

Èkínní, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ojú rere àwọn aláṣẹ. Ọwọ́ ọba kan náà ni ó fi Bíbélì fúnni, òun ni ó sì gbà á padà. Ohun tí ó wà nínú ọkàn nìkan ni kò ṣeé gbà. A kó ìwé Marbeck lọ, ṣùgbọ́n a kò lè kó ohun tí ó ti kọ́ lọ.

Èkejì, kí a má ṣe fi ìyà tí a jẹ fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Bí èdè mìíràn bá wà láàrin ìjọ wa, ìbáà ṣe ti àlejò tàbí ti aládùúgbò, kí a rántí àwọn ará Cornwall.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó sì kàn wá jù lọ: ní ilé púpọ̀ lónìí, àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á. Wọ́n ń di Ìwé Àdúrà mú gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a di ère mú. Wọ́n ń gbọ́ ìró, wọn kò rí ọ̀rọ̀. Kò sí ọba tí ó fi òfin dè é, kò sí ọ̀gágun ní ẹnu ọ̀nà. Àwa fúnra wa ni a kò ṣí ìwé náà níwájú wọn. Ohun tí iná kò lè jó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìmẹ́lẹ́ jẹ ẹ́ run. Bí bàbá tàbí ìyá bá lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ọmọ kan ní Sáàmù kan lọ́sẹ̀, ohun tí Marbeck ń fi àbẹ́là ṣe ní òru ni ó ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ BÍBÉLÌ

1. Kí ni Nehemáyà 8:8 sọ pé àwọn ọmọ Léfì ṣe kí òfin lè yé àwọn ènìyàn?
2. Èéṣe tí Marbeck fi fẹ́ ohùn kan fún sílébù kan? Ǹjẹ́ àwọn orin wa a máa gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá mì nígbà mìíràn?
3. Kí ni àwọn ará Cornwall ìbá ti rí gbà, bí a bá ti ṣe fún wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún wa?
4. Ọmọ mélòó ní ilé rẹ ni ó lè ka Àdúrà Olúwa láti inú Ìwé Àdúrà Yorùbá láìsí ìrànlọ́wọ́?

Kí Olúwa, ẹni tí ó gbọ́ gbogbo èdè, kí ó fi òye sí ọkàn wa, kí ẹnu wa má baà máa pè é nígbà tí ọkàn wa jìnnà sí i. Àmín.